Èémí Méje Létí Bàbá Ìlàkan

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ní àga kó gbé e wá, ẹni tí kò ní kó fìdí lélẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ etí ni, jẹ́jẹ́ là ń sọ ọ́. Mo ṣèlérí pé n kò ní bu iyọ̀ sí i, n kò sì ní bu omi là á. Bí omijé bá bọ́ lójú yín níbì kan, ẹ má bínú sí mi. Bí wọ́n ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́ ni mo ṣe ń gbé e lé yín lọ́wọ́.

Alágbàfọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ìlàkan. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ọ̀lẹ bá fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò, ìlà méjì ní í máa yọ lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, bí ọ̀nà eku tó yà sí méjì. Ti bàbá yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ni, ó gún régé, ó sì mú débi pé àwọn aláwàdà a máa ní kí ẹni tó bá wọ ṣòkòtò tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ má gbé ọmọ ọwọ́ lé itan, kó má baà gé ọmọ ọlọ́mọ lára. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti dúró nídìí tábìlì kan náà. Ìyàwó rẹ̀ a jókòó lẹ́bàá fèrèsé, agolo bọ́tìnnì lórí itan, yóò máa rán èyí tó bá já padà kí aláṣọ tó mọ̀ pé ó já. Òun náà gba orúkọ tirẹ̀: Ìyá Bọ́tìnnì. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, yàrá kan wà lẹ́yìn, kọ́tìnnì ló pààlà sáàárín méjèèjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ bí a ti ń di abẹ́rẹ́ mú, tó fi di aránṣọ ní òpópónà kejì.

Etí Bàbá Ìlàkan kò di lójijì. Bí aṣọ aláwọ̀ ṣe máa ń ṣá ló rí; ta ló lè sọ ọjọ́ tí àwọ̀ lọ? Nígbà tó yá, ó kọ́ ọgbọ́n kan. Ohunkóhun tí o bá bá a sọ, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò mi orí lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Ó fi í tan gbogbo ayé jẹ, àfi ẹnì kan.

"Baálé mi," Ìyá Bọ́tìnnì a wí, ojú rẹ̀ a le bí ojú ẹni tó ń sọ òótọ́, "ewúrẹ́ kan wọ kóòtù wọlé láàárọ̀ yìí, ó ní òun wá gba ṣòkòtò òun."

Bàbá a mi orí lẹ́ẹ̀mẹta. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

"Alángbá!" Obìnrin náà a bú sẹ́rìn-ín títí agolo á fi máa gbọ̀n lórí itan rẹ̀. "Ẹ wá wò ó, alángbá ni mo fẹ́ lọ́kọ! Ó ń mi orí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó gbọ́!"

Ọ̀rọ̀ kan yẹn, bàbá kì í nílò etí kó tó gbọ́ ọ. Ó mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín a máa di ìtìjú nígbà mìíràn. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kan wá gba aṣọ dúdú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìsìnkú ìyá òun ni òun ń wọ̀ ọ́ lọ. Bàbá Ìlàkan rẹ́rìn-ín, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta. "Ó dára bẹ́ẹ̀! Ẹ máa gbádùn ẹ̀ lọ!" Olùkọ́ dúró bí ẹni tí a da omi tútù lé lórí. Ìyá Bọ́tìnnì fò dìde, bọ́tìnnì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀, ó ń bẹ olùkọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló ṣẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ mọ ohun tó ti ẹnu òun jáde, kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọdún yẹn náà ni àyà Ìyá Bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, ó di èyí tí dókítà ń mi orí sí. Nígbà tó yá, àwọn dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ níbi tó ti mọ̀. Wọ́n tún ibùsùn rẹ̀ gbé kó lè máa wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ láàárín kọ́tìnnì. Ọmọ wọn wá so okùn kan mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn, ó fà á dé ọ̀pá tí wọ́n ń kọ́ aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ sí. Bí ìyá bá fa okùn, gbogbo ìkọ́ aṣọ á mì, bàbá á rí i, á sì wá.

Ọmọ náà kò fi mọ síbẹ̀. Ó mú bàbá rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú etí, wọ́n fi ohun rírọ̀ wọn ihò etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ etí fún un, ọ̀tún àti òsì, ike kékeré tó kún ihò etí dẹ́dẹ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ délé, ẹ̀rù omi bà á: kò mọ̀ pé omi ń ké bẹ́ẹ̀ bí ó bá kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ó kọjá sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn.

"Bá mi sọ̀rọ̀," ó ní.

"Ẹ káàbọ̀, baálé mi," ni obìnrin náà wí.

Inú bàbá kọ́kọ́ dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohùn tó gbọ́ kò ju bí ewé gbígbẹ tí ń wọ́ nílẹ̀. Láti oṣù mélòó kan wá, ó ti rò pé etí òun ló túbọ̀ ń di. Kò mọ̀ pé ohùn aya òun gan-an ló ń tán lọ.

"Ohùn rẹ…" ó ní.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," obìnrin náà ní. "Ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ nígbà tí mo ń pariwo sí yín." Ó rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe èyí tí a ń fi rán ọmọ."

"Mò ń gbọ́. Sọ ọ́."

"Kò tíì pọ́n lẹ́nu mi. Bó bá pọ́n, màá fa okùn."

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Ìlàkan kò ti fẹ́ kí ẹ̀rọ kúrò létí òun. Ó gbà pé okùn dára, ṣùgbọ́n ó ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ọwọ́ kò bá lágbára láti fa okùn ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹnu nìkan ló lè fi pe òun ńkọ́? Nítorí náà, ó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: aṣọ tútù lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ, èéfín omi ń rú bo ojú àti etí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òógùn ń ṣàn láti orí, ike sì dí ẹnu ọ̀nà, kò sí ibi tí ọ̀rinrin lè gbà jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, etí bẹ̀rẹ̀ sí yún un.

Yíyún etí kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Ti ẹsẹ̀, o lè fi ògiri họ ọ́. Bàbá á ti ìka bọ̀ ọ́, kò ní débẹ̀. Ó mú igi ìṣáná, ó dùn bí oyin fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele. Nígbà tí omi aláwọ̀ ìyeyè bẹ̀rẹ̀ sí jáde létí ọ̀tún, ó fi pamọ́. Ó ń fi hańkáṣífù nù ún kí ọmọ má baà rí i. Irọ̀rí ló tú u fó: ọmọ rẹ̀ wá ká aṣọ ibùsùn, ó bá àbàwọ́n níbi tí etí ọ̀tún ń sùn. Ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì etí.

Nọ́ọ̀sì náà yọ ti ọ̀tún, ó tan iná sínú ihò, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ fi họ etí yìí?"

"N kò fi nǹkan kan họ ọ́."

"Bàbá."

"Ìṣáná ni."

"Ìṣáná nìkan?"

"Pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ ìyàwó mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wí o, Nọ́ọ̀sì," ọmọ rẹ̀ ní.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín tí kò fẹ́ rín. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n fi yàrá ṣàpẹẹrẹ. Yàrá kan kò ní fèrèsé. Ẹ gbé ìkòkò omi gbígbóná síbẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn pa. Kí ni yóò hù níbẹ̀?"

Bàbá rò ó. "Olú."

"Ẹ ṣeun. Olú lẹ ń gbìn sétí." Ó ní etí ọ̀tún ti wú, ó ti dégbò, ike kò gbọdọ̀ wọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, oògùn kíkán ni yóò máa wọ ibẹ̀. Ti òsì ṣì dára, ṣùgbọ́n kó má fi í ṣiṣẹ́ nínú èéfín mọ́. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, kó yọ ọ́, kó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kó ṣí ilé bátìrì rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi í sínú agolo tó ní ìdérí pẹ̀lú àpò bébà kékeré oníhóró tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Hóró yẹn ni yóò fa omi inú rẹ̀ di àárọ̀. Gbogbo èyí ni bàbá gbọ́, ọmọ rẹ̀ náà gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ọmọ jáde lọ gba oògùn lójú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì yọ ti òsì náà kó lè nù ún, ó dorí kodò, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ẹnu rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń gbá a lọ. Ohun tó sọ nìyí, èmi ni mo ń sọ ọ́ fún yín, nítorí ẹni tó yẹ kó gbọ́ kò gbọ́: "Bàbá, èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ má sún un mọ́ iná. Ooru kankan, bó ti wù kó kéré tó, yóò bà á jẹ́."

Ó gbójú sókè. Bàbá Ìlàkan rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá Bọ́tìnnì ló fi agolo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ó da bọ́tìnnì sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan. "Ẹ fi tọ́jú etí yín," ó ní. "Èmi kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́." Ọjọ́ mẹ́jọ ni bàbá fi pa àṣẹ nọ́ọ̀sì mọ́. Bó bá fẹ́ lọ aṣọ, á yọ ọ́. Bó bá parí, á wọ̀ ọ́, á lọ jókòó ti aya rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò tó nǹkan: ojú ọjọ́, ọmọ wọn, oníbàárà tó ti sanra tó ṣì ní aṣọ òun ló súnkì. Ọ̀rọ̀ tó kù kò tíì pọ́n.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ilẹ̀ mọ́ bá obìnrin náà pẹ̀lú èémí tó ń já. Bàbá rí i, kò sì lè yọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, aṣọ tí kò gbẹ ga tó igbá àyà lórí tábìlì, àwọn aláṣọ sì fẹ́ wọ̀ wọ́n. Ó wọ ti òsì, ó ń lọ aṣọ, èéfín bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù bí ìkùukùu. Lẹ́yìn tí oòrùn yẹ àtàrí, ọmọ rẹ̀ lọ gba ìgò oògùn kejì. Kò pẹ́ tó lọ ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo yíyan. Ó ké, ó ké, ó dákẹ́.

Bàbá yọ ọ́. Omi tò wínníwínní sínú rẹ̀. Ó ṣe ohun tó yẹ: ó nù ún, ó ṣí ilé bátìrì rẹ̀, ó fi í sínú agolo. Títí di àárọ̀ ọ̀la, ìyẹn ni wọ́n sọ fún un.

Ó gbójú sókè. Gbogbo ìkọ́ aṣọ ń mì.

Láàárín kọ́tìnnì, ó rí aya rẹ̀, okùn lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, irú mímọ́ tí àtùpà máa ń mọ́ nígbà tí epo bá fẹ́ tán. Ó fi ìka pè é. Bàbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti pọ́n.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ní í fi ẹ̀sọ̀ mú ẹni tó ń lọ? Ó gbé ìka kan sókè sí i pé kó dúró díẹ̀. Ó mú ẹ̀rọ kúrò nínú agolo. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń bá ohun tútù jà, ohun ìjà kan ṣoṣo ló mọ̀, kò sì já a kulẹ̀ rí. Ó wé ẹ̀rọ náà mọ́ hańkáṣífù funfun. Ó yí ooru áyọ́ọ̀nù wálẹ̀ títí dé ibi tí à ń fi lọ ṣẹ́ẹ́dà, èyí tó kéré jù. Ó fi itọ́ ra ìka, ó fi kan ìdí áyọ́ọ̀nù wò bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó gbé e lé hańkáṣífù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan. Ó tún gbé e lé e lẹ́ẹ̀kejì.

Òórùn ike tó ń jóná ló kọ́kọ́ sọ fún un.

Nígbà tó tú hańkáṣífù, ẹ̀rọ náà ti yọ́, ó ti tẹ̀ bí àbẹ́là. Ó fi í sétí bẹ́ẹ̀, kò wọlé. Ó mú ti ọ̀tún, ó fi ti ihò tó wú náà, ó tì í, ó tì í, omijé jáde lójú rẹ̀, ike kọ̀. Ìkọ́ aṣọ tún mì. Ó ju ohun gbogbo sílẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ pẹ̀lú etí lásán.

Ìyá Bọ́tìnnì kò ní agbára láti mi ètè débi tí ọkọ rẹ̀ yóò fi lè ka ọ̀rọ̀ lára ètè náà. Ó fi ọwọ́ fa orí ọkọ rẹ̀ wálẹ̀ títí etí òsì fi kan ẹnu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìlàkan kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ń mọ̀ ọ́n lára. Èémí aya rẹ̀ ń fẹ́ lù ú létí, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó ní ọ̀rinrin díẹ̀, bí èéfín aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó kà á, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Èkíní gùn. Èkejì kúrú. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àlàfo láàárín. Ìsinmi wà, ìsinmi gígùn, kí ẹ̀karùn-ún tó dé. Ẹ̀kẹfà gbọ̀n.

Obìnrin náà tì í sẹ́yìn díẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ìbéèrè yẹn, ojú rẹ̀ ló fi bi í: ṣé ẹ gbọ́?

Àyè ṣì wà láti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn yóò ṣe ní kí ẹni tí èémí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tún èyí tó ti ná ná? Bàbá Ìlàkan rẹ́rìn-ín músẹ́, orí rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mẹta kí òun gan-an tó mọ̀.

Ìyá Bọ́tìnnì wò ó pẹ́. Igun ẹnu rẹ̀ mì. Ó tún fa orí ọkọ rẹ̀ wálẹ̀, ó sì fẹ́ èémí kan ṣoṣo sí i létí, ó kúrú, ó sì gbọ̀n níparí bí ẹ̀rín. Èyí ni ìkeje. Ó di ojú, ó sì fi ọwọ́ lé etí náà, kò gbé e kúrò títí ọmọ wọn fi dé.

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kan fèrèsé, ó ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, etí ọ̀tún jinná. Wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ tuntun fún ti òsì. Bàbá Ìlàkan di ẹni tí nọ́ọ̀sì ń fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn yòókù: kì í wọ̀ ọ́ sínú èéfín, ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kan etí rẹ̀, agolo rẹ̀ kì í wà láìsí hóró gbígbẹ. Etí gbẹ, etí mọ́, kò yún mọ́. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ èkúté lórí àjà. Ó ń gbọ́ bọ́tìnnì aṣọ tó bọ́ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ ohun tí kò yé e, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò gbọ́, ẹ tún un sọ." Orí rẹ̀ kì í mì mọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n tú okùn kúrò. Bí atẹ́gùn bá wọlé tí ìkọ́ aṣọ bá mì, á ṣì yíjú sẹ́yìn.

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàkíyèsí pé ẹnu rẹ̀ ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí tábìlì. Ó rò pé àdúrà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sún mọ́ ọn.

"Bàbá mi, kí lẹ máa ń sọ?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti hańkáṣífù, ti èémí, ti orí mímì. "Mò ń wọn ọ̀rọ̀ ni," ó ní. "Mo mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Mo ń wá èyí tó bá a mu. 'Ẹ tọ́jú ọmọ wa': ó kúrú jù fún èkíní. 'Ẹ má bá ara yín jà nítorí mi': ó fẹ́ bá ẹ̀karùn-ún mu, ṣùgbọ́n n kò lè búra. Láàárín ọdún mọ́kànlélógójì, n kò purọ́ fún un lórí ohun tó tóbi rí. Ọ̀kan tí mo pa, orí ikú rẹ̀ ni mo pa á lé."

Ọmọ náà ń sunkún. "Bóyá ó gbà pé ẹ gbọ́, Bàbá. Bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀."

"Kò gbà," Bàbá Ìlàkan ní. "Ó mọ̀. Ìgbà wo ni mo tíì fi orí mímì tàn án jẹ rí?"

"Kí ló mú un dá yín lójú?"

"Ìkeje." Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹ̀rín náà kò sì dé ìdajì ọ̀nà kó tó di ohun mìíràn. "Ìkeje nìkan ni mo mọ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. 'Alángbá' ló pè mí."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì padà sórí ṣòkòtò tó wà níwájú rẹ̀. Ó ku èémí mẹ́fà.

Ọmọ yẹn, aránṣọ òpópónà kejì, ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ̀wù lọ kó bá mi ká ìdí rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ láàárín ètè, n kò sì gbọ́ àwọn ibì kan dáadáa. Mo fẹ́ mi orí. Mo rántí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, kí o tún un sọ." Ó yọ ọ́, ó tún un sọ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín.